Ibi Tí Òdo Kọjú Sí

Ẹnjiníà fi bàtà ta èèkàn náà, èèkàn fò sókè, ó sì já sínú kòtò tí wọ́n gbẹ́ lánàá. Ó ta ìkejì. Nígbà tó máa fi dé ọ̀dọ̀ ìkẹta, ọmọ ìka ẹsẹ̀ ti ń dùn ún, ó wá fi ẹnu parí èyí tó kù.

"Ta ló ní kí ẹnu ọ̀nà ilé ìkàwé máa wo ààtàn? Mo ní, ta ni?"

Àwọn bíríkìlà dúró, ṣọ́bìrì lọ́wọ́, wọ́n ń wo ilẹ̀ bí ẹni pé ilẹ̀ ló máa sọ̀rọ̀. Ilé roboto ni wọ́n fẹ́ kọ́ sínú ọgbà ilé ẹ̀kọ́ náà. Òpó yóò yí i ká, wọn yóò sì fi àyè fífẹ̀ kan sílẹ̀ láàárín òpó méjì fún ẹnu ọ̀nà. Àyè yẹn ló yẹ kó kọjú sí géètì, kí ọmọ tó bá ti wọ ọgbà lè rí i gbangba. Ṣùgbọ́n bí àwọn kòtò ṣe wà láàárọ̀ yìí, ẹni tó bá fẹ́ lọ kàwé ní láti gba ẹ̀yìn ilé ìdáná, kó fo ààtàn, kó sì bẹ eṣinṣin kí wọ́n fún un lọ́nà. Ọkọ̀ kọnkéré sì ti ń bọ̀. Ọ̀sán ni wọ́n ní yóò dé.

"Àǹtí Awò dà?"

Ọmọbìnrin tó ń pè yọ láti ẹ̀yìn òkìtì yanrìn, ó gbé ẹ̀rọ ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́ta kọ́ èjìká. Awò, dígí tó wà lójú ẹ̀rọ yìí, ló fún un lórúkọ. Ojú kan ni wọ́n fi ń wò ó, á sì sọ bí nǹkan ṣe jìnnà tó àti apá ibi tó wà. Òun ni wọnlẹ̀wọnlẹ̀ ibi iṣẹ́ náà, òun ló sì wọn ibi tí òpó kọ̀ọ̀kan yóò dúró sí.

"Mo wà níbí, sà."

"Ìwọ lo wọ̀n ọ́n?"

"Èmi ni, sà. Ṣùgbọ́n mo wọ̀n ọ́n dáadáa."

"Dáadáa!" Ẹnjiníà yíjú sí àwọn bíríkìlà. "Ẹ gbọ́, ó ní dáadáa! Mo sọ ọ́ lọ́jọ́ tí wọ́n mú ọ wá. Mo ní ibi iṣẹ́ kì í ṣe ibi tí èèyàn ń kó ọmọ ẹ̀ wá kó wá máa fi ilé onílé kọ́ṣẹ́. Tó bá di ọ̀sán tí mi ò gbọ́ àlàyé gidi, kó ẹrù ẹ, kó o máa lọ sílé ọkọ."

"Mi ò lọ́kọ, sà."

Ẹnì kan fẹ́ rẹ́rìn-ín, ó yára fi ikọ́ bò ó. Ẹnjiníà kọrí sí ọkọ̀ rẹ̀, ó sì pa ilẹ̀kùn dé gbàmù.

Ọmọbìnrin náà wo bàbá rẹ̀. Bàbá yìí ni ọ̀gá àwọn bíríkìlà. Kò-sí-wàhálà ni gbogbo ayé ń pè é, nítorí ohun tó máa ń sọ nìyẹn, yálà òjò ló wó ògiri ni o, tàbí sìmẹ́ǹtì ló tán. Ó dúró nítòsí àwọn àpò sìmẹ́ǹtì, ọwọ́ rẹ̀ wà lẹ́yìn, ó kọjú sí géètì. Ọmọ wò ó títí, pẹ̀lú ojú tí ọmọ fi ń sọ fún bàbá pé ẹ gbà mí o. Kò mira.

Àgbà kì í wà lọ́jà kí orí ọmọ tuntun wọ́. Òwe tí bàbá yìí fi tọ́ ọ dàgbà ni. Ó dáa. Ọjà rèé, àgbà rèé, orí ọmọ tó bí ló wọ́ yìí, àgbà sì ń wo géètì! Inú bí ọmọbìnrin náà débi pé etí rẹ̀ ń hó. Kì í ṣe èébú Ẹnjiníà ló dùn ún jù, nítorí ẹni tí kò mọyì ẹni kò lè mọ ohun tó ń bú. Bàbá rẹ̀ mọ̀ ọ́n. Bàbá rẹ̀ mọ̀ pé ọmọ òun kì í ṣe ẹni tó ń wọn nǹkan ní ìwọ̀nkuwọ̀n.

Ó gbé ẹ̀rọ lọ sí àárín ilé tí kò ì tíì sí. Èèkàn irin kan wà níbẹ̀ tí wọ́n rì mọ́lẹ̀, tí ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ fọwọ́ kàn, nítorí ibẹ̀ ni wọ́n ti wọn gbogbo nǹkan. Ó mú téèpù jáde, ó sì bẹ Ìyá Oníyanrìn, obìnrin tó máa ń ru yanrìn fún wọn, pé kó bá òun di ìdí téèpù mú sórí irin náà. Ó na téèpù dé kòtò kìíní. Ó pé. Ó na án dé ìkejì. Ó pé. Ó yí ká gbogbo kòtò, ó tún wọn àlàfo tó wà láàárín kòtò kan sí èkejì, pẹ̀lú ìbínú, bí ẹni ń ka ẹ̀sùn sí wọn lọ́rùn.

"Ó pé?" Ìyá Oníyanrìn bi í.

"Ó pé, mà. Gbogbo ẹ̀ pé."

"Tó bá pé, kí ni ààtàn wá ń ṣe lẹ́nu ọ̀nà?"

Ó jókòó sórí búlọ́ọ̀kù kan, ó ń mí gúlegúle.

Ohun tó jẹ́ kí ọ̀rọ̀ yìí ká a lára ni pé ìwọ̀n yìí gan-an nìkan ni nǹkan tó tíì yé e dénú láyé rẹ̀. Nígbà tó wà nílé ẹ̀kọ́ iṣẹ́ ọwọ́, ìṣirò fẹ́ lé e padà sílé. Wọ́n á fa ilà gbọọrọ, wọ́n á fa ilà ìbú, wọ́n á ní kó sọ ibi tí nǹkan wà: lọ síwájú tó báyìí, kó o wá yà sẹ́gbẹ̀ẹ́ tó báyìí. Ó máa ń ṣe é, ṣùgbọ́n ṣe ló dà bí ẹni tó ń rìn nínú ilé tí gbogbo kọ̀rọ̀ rẹ̀ ń gbá a léjìká. Ìgbà tí wọ́n wá dé ọ̀dọ̀ àwọn nǹkan roboto, ọ̀rọ̀ bẹ́yìn yọ. Nọ́ńbà di jágbajàgba, ó sì gbòdo nínú ìdánwò.

Olùkọ́ wọn, obìnrin gíga kan tó ti darúgbó, kò bá a wí. Ó kó tábìlì sẹ́gbẹ̀ẹ́, ó mú ọmọ kíláàsì kan, ó ní kó dúró sáàárín yàrá, ó sì fi aṣọ dì í lójú. Ó fi ẹfun ìkọ̀wé sílẹ̀ níbì kan. Ó ní, "Ẹ má sọ fún un pé síwájú, ẹ má sọ pé sẹ́gbẹ̀ẹ́. Nǹkan méjì péré ni kí ẹ sọ fún un: kó yí tó báyìí, kó wá rìn tó báyìí."

Yí, kó o rìn. Ibi kan kò sí nínú yàrá náà tí ohun méjì yìí kò lè mú èèyàn dé. Tí o bá sì fẹ́ ya róbótó, ìjìnnà rẹ sí àárín kò ní yí padà rárá. Ṣáà máa yí ojú rẹ, kó o máa fi ẹsẹ̀ kan náà rìn. Nọ́ńbà jágbajàgba ọjọ́sí di nọ́ńbà kan ṣoṣo. Ọmọbìnrin náà fẹ́rẹ̀ẹ́ pariwo nínú kíláàsì. Gbogbo ohun tí wọ́n fi ń dá a lágara látọjọ́ yìí, ṣé ohun tí ewúrẹ́ tí wọ́n so mọ́ èèkàn mọ̀ nìyí? Láti ọjọ́ náà, kò tún sí ẹni tó lè fi róbótó dẹ́rù bà á.

Kí ẹnì kan wá jí láàárọ̀ kan, kó ní róbótó rẹ̀ kò dáa!

Ó dìde. Bí téèpù kò bá rí ẹ̀bi, ẹ̀rọ á rí i. Ó to ẹ̀rọ sórí irin àárín, ó kọjú awò rẹ̀ sí kòtò òpó kìíní. Àwòrán ilé sọ iye tí wọ́n gbọ́dọ̀ yí láti òdo kí wọ́n tó kan òpó yìí. Ó tẹ iye náà sínú ẹ̀rọ, ó wá ń yí i padà sẹ́yìn, díẹ̀díẹ̀, iye kan náà, títí nọ́ńbà inú rẹ̀ fi di òdo. Òdo ni ibi tí a ti ń bẹ̀rẹ̀ sí í ka yíyí. Àwòrán ilé sì sọ ọ́ ní kedere pé òdo gbọ́dọ̀ kọjú sí àmì pupa tí wọ́n fi ọ̀dà kùn sí ẹsẹ̀ táǹkì omi ilé ẹ̀kọ́.

Ó fi ojú sí awò.

Kò rí àmì pupa. Táǹkì dúdú kan ló rí, táǹkì ilé ìwòsàn tó wà lódìkejì ọgbà, tó dúró gbagidi sáàárín awò bí àlejò tó jókòó sórí àga onílé.

Ìgbà yẹn ló rántí ìyókù ẹ̀kọ́ olùkọ́ gíga náà. Ọmọ tí wọ́n dì lójú yẹn kò dé ibi ẹfun. Ó yí bí wọ́n ṣe ní kó yí, ó rìn bí wọ́n ṣe ní kó rìn, ó sì lọ forí sọ ògiri. Kíláàsì rẹ́rìn-ín títí. Olùkọ́ dúró kí ẹ̀rín tán, ó wá ní, "Ẹ ka ẹsẹ̀ dáadáa, ẹ ka yíyí dáadáa. Èwo nínú yín ló bi í léèrè ibi tó kọjú sí kó tó bẹ̀rẹ̀?"

Kò sẹ́ni tó béèrè. Òun gan-an kò béèrè lánàá. Ó sì mọ ìdí tí òun kò fi béèrè.

Láàárín àwọn bíríkìlà yìí, àgbà ló ń ṣí iṣẹ́. Láyé okùn àti ìṣó, àgbà ló ń kan ìṣó àkọ́kọ́. Nígbà tí ẹ̀rọ dé, wọ́n kó àṣà náà wọ inú ẹ̀rọ: àgbà ni yóò kọ́kọ́ fi ojú sí awò, tí yóò kọjú rẹ̀ sí ibi òdo, tí yóò ní "Mo ti rí i, ẹ máa bá a lọ." Ẹnikẹ́ni kì í sì í lọ wò ó lẹ́yìn rẹ̀. Tí o bá yẹ ojú àgbà wò, o ti pè é ní òpùrọ́ nìyẹn. Lánàá, Kò-sí-wàhálà wojú awò, ó pẹ́ níbẹ̀, ó nu ojú, ó tún wò ó, ó ní, "Mo ti rí i." Ọmọ rẹ̀ tẹ òdo sínú ẹ̀rọ. Láti ibẹ̀ lọ, gbogbo ohun tó wọ̀n ló tọ́, gbogbo rẹ̀ ló sì wọ́.

Ó bá bàbá rẹ̀ lábẹ́ àtíbàbà páànù tí wọ́n ń kó sìmẹ́ǹtì sí.

"Bàbá, kí lẹ rí nínú awò lánàá?"

"Mo rí táǹkì."

"Táǹkì wo?"

"Ṣé táǹkì ní orúkọ ni?"

"Ó ní àwọ̀, sà. Àwọ̀ wo ni?"

Bàbá fọwọ́ gbọn ìyẹ̀fun sìmẹ́ǹtì kúrò ní ṣòkòtò. "Kò sí wàhálà, ìyá mi. A máa tún un ṣe."

"Wàhálà wà! Wọ́n fẹ́ lé mi! Bàbá, ẹ wò mí. Àwọ̀ wo ni aṣọ tí mo wọ̀?"

Bàbá tẹjú mọ́ aṣọ náà. Ó kọ́kọ́ dà bí ìbínú lójú rẹ̀, ó wá rọ̀, ó sì di nǹkan tí ọmọ náà kò rí lójú bàbá rẹ̀ rí.

"Ìgbà wo ló bẹ̀rẹ̀?"

"Ó ti pẹ́ díẹ̀. Ó dà bí kùrukùru. Àárọ̀ ló máa ń pọ̀ jù."

"Ṣé Màmá mọ̀?"

"Ta lo rò pé ó ń bá mi yọ egungun ẹja?"

Ọmọbìnrin náà rántí. Lálaalẹ́ ni ìyá rẹ̀ máa ń fa àwo bàbá mọ́ra, á yọ egungun kúrò lára ẹja, á wá ti àwo padà. Òun ti fi wọ́n ṣe yẹ̀yẹ́ títí, ó ní ìfẹ́ àgbàlagbà ń pa wọ́n bí ọtí. Àwọn méjèèjì á sì rẹ́rìn-ín, wọ́n á máa jẹun lọ.

"Ẹ sì jẹ́ kí ọkùnrin yẹn bú mi báyẹn. Ẹ dúró síbẹ̀."

"Tí wọ́n bá mọ̀, ta ló máa gba afọ́jú síṣẹ́?" Ohùn bàbá rẹlẹ̀. "Ìwọ ṣì kéré. Ilẹ̀ ò tíì ṣú fún ọ. Ìwọ á ríṣẹ́ míì."

Ó sọ ọ́ pẹ̀lú ìfẹ́ ni o. Ohun tó burú níbẹ̀ nìyẹn! Ó ti jókòó, ó ti rò ó, ó ti gbé ara rẹ̀ àti ọmọ rẹ̀ sórí ìwọ̀n, ó sì rí i pé ọmọ ló rọrùn láti sọ nù. Ọmọbìnrin náà fi ẹ̀dọ̀ lé orí òróòro, ó jáde kúrò lábẹ́ páànù kí ẹnu rẹ̀ má baà sọ ohun tí ọmọ kì í sọ fún bàbá.

Ìta ló ti pàdé Ẹnjiníà, tó ti tún padà dé, tó ń wo aago ọwọ́ rẹ̀.

"Àlàyé dà?"

"Àwọn kòtò yìí dáa, sà. Ìjìnnà wọn tọ́, àlàfo wọn tọ́. Ibi tí a ti bẹ̀rẹ̀ sí í kà ni kò tọ́. Táǹkì ilé ìwòsàn la kọjú òdo sí, gbogbo róbótó wá yí lọ sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. Tí a bá kọjú òdo síbi tó yẹ, màá tún gbogbo ẹ̀ kàn kí ọkọ̀ tó dé."

"Ta ló kọ́kọ́ wo awò?"

Gbogbo àwọn tó wà níbi iṣẹ́ ló mọ ẹni náà. Ìyá Oníyanrìn tú gèlè rẹ̀, ó tún un wé, kò sì pọn dandan. Ọmọbìnrin náà kò wo ẹ̀yìn, ṣùgbọ́n ó gbọ́ ìṣísẹ̀ bàbá rẹ̀ tó jáde lábẹ́ páànù, ó sì dúró dè é. Ó fún un ní àyè. Ó fún un ní àyè tó tó fún èèyàn láti sọ ọ̀rọ̀ kan péré.

"Kò sí wàhálà," bàbá ní. "Àṣìṣe lásán ni. A máa tún un ṣe."

"Mo ní, ta ni?"

"Bàbá mi ni," ọmọbìnrin náà wí. "Àwọn ló wò ó. Èmi sì ni kò yẹ̀ ẹ́ wò, bẹ́ẹ̀ iṣẹ́ mi ni láti yẹ̀ ẹ́ wò. Ẹ̀yin náà sì dé lánàá, sà. Ẹ ò sọ̀ kalẹ̀ nínú ọkọ̀. Ẹ na ọwọ́ láti ojú fèrèsé, ẹ ní, 'Ó dáa, ẹ máa gbẹ́ kòtò.' Gbogbo àwọn tó wà níbí ló gbọ́. Tí ẹ bá máa lé èèyàn, ẹ jẹ́ kí a tò sórí ìlà, kí ẹ lé wa láti orí ẹni tó ga jù."

Ẹnjiníà wò ó. Ó wo àwọn bíríkìlà, kò sì rí ojú kan tó máa bá a ṣe. Ó yọ fóònù jáde, ó rìn lọ sẹ́gbẹ̀ẹ́, wọ́n sì gbọ́ tó ń sọ fún ẹni tó ni ọkọ̀ kọnkéré pé kó má tíì bọ̀, ó di ìrọ̀lẹ́. Kò bẹ ẹnikẹ́ni. Irú wọn kì í bẹ̀bẹ̀, fóònù ni wọ́n máa ń yọ.

Ọmọbìnrin náà padà sídìí ẹ̀rọ. Àwọn bíríkìlà yí i ká, wọ́n sì ń dúró, bí àṣà, kí àgbà wá ṣí iṣẹ́. Kò-sí-wàhálà náà dúró. Ó tilẹ̀ gbé ẹsẹ̀ kan.

Ọmọbìnrin náà fi ojú ara rẹ̀ sí awò, ó kọjú rẹ̀ sí ẹsẹ̀ táǹkì ilé ẹ̀kọ́, ó rí àmì pupa, ó sì tẹ òdo. Lẹ́yìn náà ló ní, "Ìyá Oníyanrìn, ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi yẹ̀ ẹ́ wò."

"Èmi? Ta ni mo jẹ́?" Síbẹ̀ ó tẹ̀ ba, ó di ojú kan. "Mo rí nǹkan pupa kan báyìí."

"Ó tó, mà."

Ó ku ẹni tó máa di ọ̀pá mú, ọ̀pá gígùn tó ní dígí lórí, tí wọ́n máa ń gbé lọ sí ibi tí wọ́n bá fẹ́ kan èèkàn. Ẹnikẹ́ni kò tíì mú un tí bàbá rẹ̀ fi na ọwọ́, ó wá a kàn, ó gbé e. Iṣẹ́ lébìrà ni. Àwọn bíríkìlà wo ara wọn.

"Ibo ni kí n gbé e lọ?"

"Ẹ máa lọ tààrà, sà. Màá sọ fún yín."

Ó rìn lọ. Ọmọ rẹ̀ yí awò tẹ̀ lé e. "Ẹ wá sí ọwọ́ ọ̀tún yín. Ẹ tún wá. Ó ti pọ̀ jù. Ẹ padà díẹ̀. Ẹ sún sẹ́yìn." Gbogbo ohun tó bá wí ni bàbá ń ṣe. Ó kọjú padà wá síbi tí ẹ̀rọ wà, ó di ọ̀pá mú gírígírí níwájú àyà, awò sì gbé ojú rẹ̀ wá sítòsí débi pé ọmọbìnrin náà lè ka irun ìpéǹpéjú rẹ̀.

Kì í ṣe òun ni bàbá ń wò. Òkìtì yanrìn ló ń wò, tó wà ní ẹ̀gbẹ́ ibi tí òun dúró sí. Ó ń wò ó dáadáa, pẹ̀lú ọ̀wọ̀, bí ẹni tó ń wo èèyàn. Ọmọbìnrin náà na ọwọ́ sókè, ó jù ú. Bàbá kò jùwọ́ padà.

Báyìí náà ló ṣe wo géètì láàárọ̀. Kì í ṣe pé ó yíjú kúrò lára òun. Kò mọ ibi tí òun wà ni. Ìwò tí òun ń wò ó yẹn, kò dé ọ̀dọ̀ rẹ̀ rárá.

Ṣùgbọ́n etí rẹ̀ kò di. Gbogbo ọ̀rọ̀ tí Ẹnjiníà sọ, látorí ààtàn dórí ilé ọkọ, ló gbọ́. Ìbínú ọmọbìnrin náà jókòó síbi tó wà, kò lọ síbì kan, kò sì fẹ́ kó lọ. Ojú rẹ̀ ṣáà ti rin fún omi, awò sì di kùrukùru, ó ní láti fi ẹ̀yìn ọwọ́ nù ún kó tó tún ríran.

"Ṣé ibí ni?" bàbá pè láti òkèèrè. Òkìtì yanrìn ló ń bi.

"Ibẹ̀ ni. Ẹ má rìn mọ́. Ẹ ṣáà kọjú síbi tí ẹ ti ń gbọ́ ohùn mi, Bàbá."

"Ibo?"

"Ibí. Ẹ máa yí bọ̀. Ẹ máa bọ̀. Ó ku díẹ̀."

Ó ń yí ojú bọ̀ díẹ̀díẹ̀, bí awò ṣe máa ń yí, tó fi kúrò lára yanrìn, tó fi kan apá ọmọ rẹ̀, tó fi wá kọjú sí i gan-an. Ó dúró níbẹ̀, ó ń dúró de ohun tí ọmọ yóò wí.

"Mo ti rí yín," ọmọbìnrin náà ní. Ó sì ní kí wọ́n kan èèkàn.